"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba": ta ni wọ́n ti pa á fún rí?

Ará Ìkéré
Akólòlò ni èmi fúnra mi, nítorí náà òwe yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí tíṣà bá ti ní kí n dìde kàwé, kíláàsì á ti bú sẹ́rìn-ín kí n tó lanu. Ìyá bàbá mi ló máa ń pa á fún mi tí mo bá sunkún wálé. Àwọn kan rò pé ohun tó ń wí ni pé ìkólòlò á san. Rárá o. Akólòlò tó pe baba tán, akólòlò náà ni. Ó kàn tiraka títí ọ̀rọ̀ fi jáde ni. Èmi náà ṣì ń kólòlò, mo sì ń ṣe tíṣà (ọmọ Èkìtì ṣáà ni mí, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?). Bí ọ̀rọ̀ bá há, àwọn ọmọ á dákẹ́ dè mí. Ẹ dákun, kí ẹ tó pa á láwùjọ, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Bí irú wa bá wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Ọmọ Adó
Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ wa ni mo fi mọ̀ ọ́n. Láti 1976 la ti wà lábẹ́ Òndó. Ìwé kékeré tó o bá fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ sí, ó di Àkúrẹ́. Àwọn àgbà kọ̀wé béèrè ìpínlẹ̀ títí. Ní 1991, ìjọba dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀ṣun rí tirẹ̀ gbà, Èkìtì ò sí níbẹ̀. Bàbá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ sígbà náà tó tún bá wọn jókòó ti ìwé mìíràn. Nígbà tí Abacha wá dárúkọ wa lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá, 1996, bàbá fò dìde nídìí rédíò: "Ó pe baba!" Kò pa ìyókù. Gbogbo agboolé ti mọ ohun tó ń wí.

Ìyá Oníṣu
Ẹ má bínú o, èmi ò fẹ́ gbọ́ òwe yìí mọ́. Mo ta iṣu láwìn fún oníyán kan. Ìgbà tí mo lọ sin gbèsè, ọmọ yìí ní, "Màámi, tótó ó ṣe bí òwe, bó pẹ́ bó yá…" Ó tiẹ̀ ṣe tótó fún mi! Mo ní, "Dákẹ́ ńbẹ̀. Akólòlò ń gbìyànjú. Ìwọ ò tíì lanu."

Ọmọ Adó
Ẹ kú ìrójú, mà. Ṣé ó ti wá san án?

Ìyá Oníṣu
Ó san ìdajì. Ìyókù, mò ń lọ jẹyán níbẹ̀, mi ò sì kí ń sanwó.