Sáìtì àdìrẹ màámi: ó rẹwà lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó di rúdurùdu lọ́dọ̀ gbogbo ayé

Ọmọ Aláró:

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sú mi, ẹ bá mi dá sí i kí n tó ju láptọ́ọ̀pù yìí sínú odò Ògùn.

Aláró ni màámi ní Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tiwọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n báyìí, kò sì sí ìkankan nínú àwa ọmọ tó kọ́ṣẹ́ náà. Èmi akọ̀wé owó ni mo bá ní kí n kọ́ sáìtì kékeré kan, kí n to àwòrán àwọn aṣọ tó kù nínú àpótí wọn síbẹ̀, kí n kọ orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ ẹ̀: Ìbàdàndùn, Olókun, àtàwọn kan tó jẹ́ pé màámi nìkan ló mọ̀ wọ́n pè. HTML ni mo fi kọ ọ́, CSS ni mo fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, JavaScript díẹ̀ ló sì ń mú kí mẹ́nù ṣí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é lálaalẹ́, nígbà tí iná bá wà.

Lórí láptọ́ọ̀pù mi, nínú búráúsà Chrome, ó dùn ún wò. Ibi tó ti bàjẹ́ rèé.

Fóònù màámi: Opera Mini, búráúsà tí kì í jẹ dátà púpọ̀, ni wọ́n ń lò. Mẹ́nù kò ṣí rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń wò yín ni.

Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mi, Firefox: fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, tí mo fara balẹ̀ yàn jáde o, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ àti ọ ló yàtọ̀. Wọ́n tín-ín-rín, wọ́n ga díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, bí ọmọ tí wọ́n yá aṣọ ilé-ìwé fún. Ṣ kò sì ní wàhálà kankan. Àbí Firefox ló kórìíra Yorùbá ni?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ní London, ya mẹ́rin nínú àwọn aṣọ tí wọ́n kó lọ sọ́hùn-ún, iPhone tuntun ni wọ́n fi yà á, wọ́n fi í ránṣẹ́ nínú ímeèlì. Lọ́dọ̀ mi, àpótí òfìfo mẹ́rin. Lọ́dọ̀ màámi, òfìfo. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ń rí gbogbo ẹ̀ kedere, pé kí n lọ yẹ ojú mi wò.

Ọkọ wọn wá ní iPhone 6 kan tí wọn ò fẹ́ jù nù. Lórí ìyẹn, yàtọ̀ sí mẹ́rin yẹn, àwòrán yòókù jáde, àmọ́ wọ́n lẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, kò sí àlàfo láàárín aṣọ kan sí èkejì. Wọ́n gbìyànjú Chrome tó wà lórí ẹ̀, bákan náà ló rí.

Màámi wo ojú fóònù títí, wọ́n ní, "Aṣọ dà níbẹ̀?" Ojú tì mí.

Kóòdù Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ìṣòro mẹ́rin lẹ dì sínú ẹrù kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi wúwo. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́. HEIC ni, irú fáìlì fọ́tò kan, mo lè búra. Bí iPhone ṣe ń tọ́jú fọ́tò nìyẹn láti 2017. Safari, búráúsà Apple, láti ẹ̀yà 17 sókè ń ṣí i lórí sáìtì, Chrome àti Firefox kì í ṣí i. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan mà. Ẹ sọ wọ́n di JPEG, irú fọ́tò tí gbogbo búráúsà ń ṣí. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá tún máa ya òmíràn, kí wọ́n lọ sí Settings, Camera, Formats, kí wọ́n mú Most Compatible.

iPhone 6 yẹn, iOS 12, ìyẹn ẹ̀yà sísítẹ́ẹ̀mù rẹ̀, ló parí sí. Ó dà bíi pé flex, ọ̀nà kan tí CSS fi ń to nǹkan, lẹ fi to àwòrán, ẹ wá fi gap, ìyẹn àlàfo, sí i. Safari ò mọ gap nínú flex títí di 14.1, ní 2021. Nínú grid, ọ̀nà ìto nǹkan mìíràn, ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ìyẹn, ti iOS 12 náà mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ flex, ẹ kọ èyí:

display: grid;
grid-template-columns: repeat(auto-fill, minmax(150px, 1fr));

Ẹ fi gap yín sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ti Chrome orí iPhone yẹn, ẹ̀wù Chrome ló wọ̀, Safari ló wà nínú ẹ̀wù. Apple kì í jẹ́ kí búráúsà kankan gbé ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wá síbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union ni wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ní 2024, Peckham ò sì sí nínú ẹ̀.

Jagun Houston:

Kí ló dé tí ẹ ń dá ara yín lóró? Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé Chrome ni kí wọ́n fi ṣí i. Ẹni tí ò bá fẹ́, kó máa lọ.

Ọmọ Aláró:

Jagun, ẹ ṣeun, àmọ́ àwọn ìyá tó wà ní ìsọ̀ ìtòsí màámi ló máa wo sáìtì yìí jù, Opera Mini ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ṣé kí n wá sọ fún ìyá arúgbó pé kí wọ́n lọ gbé Chrome sórí fóònù tí àyè ti tán nínú ẹ̀, kí wọ́n tó lè rí aṣọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rẹ láró?

Kóòdù Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ má dá Jagun lóhùn mà.

Ní ti Opera Mini, tí wọ́n bá fi sí Extreme, ipò tó ń dín dátà kù jù, sáìtì yín kì í dé orí fóònù bí ẹ ṣe kọ ọ́. Sáfà Opera, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tiwọn, ló kọ́kọ́ ń ṣí i lọ́hùn-ún, á fún un bí ẹni fún aṣọ, á wá fi èyí tó kù ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni dátà ti ń dín kù. Sáfà yẹn náà ló ń bá JavaScript yín ṣiṣẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ti sùn. Mẹ́nù tó ń retí pé kí wọ́n tẹ òun kóun tó ṣí ò lè rọgbọ níbẹ̀. Ojú ìwé mélòó ni sáìtì yín tiẹ̀ ní?

Ọmọ Aláró:

Márùn-ún.

Kóòdù Ògbómọ̀ṣọ́:

Haa. Kí lẹ wá ń fi mẹ́nù tó ń ṣí tó ń pa dé ṣe? Ẹ to líǹkì márààrún sórí ìlà kan.

Bàbá Atẹ̀wé:

Ọmọ Aláró, Firefox kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ àti ọ yẹn. Mo ti ń tẹ̀wé n'Íbàdàn láti ìgbà tó jẹ́ pé bírò la fi ń kán àmì sábẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí taipuráítà bá tẹ̀ ẹ́ tán, tí ìka wa á dúdú bíi ti màámi rẹ. Ohun tó tú àṣírí fún mi ni pé ṣ dára.

Fọ́ńtì tó wà lórí Google Fonts, ibi tí èèyàn ti ń gba fọ́ńtì fún sáìtì, wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ kó má baà wúwo: latin, latin-ext, vietnamese. Inú latin-ext ni ṣ wà. Ẹ àti ọ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ vietnamese ni wọ́n kó wọn sí, pẹ̀lú àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí à ń gbé lé wọn lórí. Àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, ohùn ni wọ́n fi ń pè. Wọn ò ní ṣ ní tiwọn. Ìwọ mú méjì àkọ́kọ́, o fi ìkẹta sílẹ̀. Búráúsà ò rí ẹ nínú ohun tí o fún un, ló bá lọ yá a láti inú fọ́ńtì mìíràn.

Ìdí tó fi dára lórí láptọ́ọ̀pù rẹ ni pé o ti gbé odindi fọ́ńtì náà sórí ẹ̀, o sì kọ local() sínú CSS, tó ń ní kí búráúsà kọ́kọ́ wá fọ́ńtì náà lórí ẹ̀rọ. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí o ṣí Chrome rẹ náà wò.

Ti Opera Mini, má da ara rẹ láàmú. Kì í gba fọ́ńtì ẹnikẹ́ni, ti fóònù ló ń lò.

Ọmọ Aláró:

Bàbá, ẹ kú àánú mi. Àfi bíi pé ẹ dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Ẹnu mi báyìí ni mo fi sọ ọ́: "Kí ni mo fẹ́ fi Vietnam ṣe?" Mo yọ ìlà unicode-range, èyí tó ń sọ lẹ́tà tí fáìlì fọ́ńtì kọ̀ọ̀kan wà fún, dànù pẹ̀lú, torí kò yé mi.

Mo yọ fọ́ńtì náà kúrò lórí láptọ́ọ̀pù lálẹ́ àná. Chrome tí mo ti ń fi yangàn láti oṣù mẹ́ta wá bàjẹ́ lójú mi kòrókòró, bíi ti Firefox gẹ́lẹ́. Mo kó fáìlì ìkẹta wá, mo dá unicode-range padà, ẹ àti ọ sì jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ àti ọ tèmi, lọ́dọ̀ Vietnam!

Àwòrán mẹ́rin ti di JPEG, mo sì dín wọn kù kí wọ́n má jẹ dátà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní àlàfo ti wà lórí iPhone 6. Líǹkì márùn-ún ti wà lórí ìlà kan. Àkọlé tó yẹ kó dúró sókè bí èèyàn ṣe ń yí ojú ìwé ṣì ń bá ìwé lọ nínú Opera Mini. Mo fi í sílẹ̀, kó máa lọ.

Mo gbé fóònù fún màámi láàárọ̀ yìí. Wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n rọra ń fi àtàǹpàkò yí i lọ sísàlẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá wọ́n dúró lórí ọ̀kan, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé Olókun lèyí?"

Mo ń bọ̀, mo fẹ́ lọ tún orúkọ kọ.