Eyín ehoro tó gùn jù: ẹ wá sọ èyí tójú yín ti rí

Ìyá Zainab, Tankẹ
Ẹ kú ilé o. Funfun, ehoro àwọn ọmọ mi, kò jẹun dáadáa láti ìrọ̀lẹ́ àná. Á lọ síbi pẹ́lẹ́tì, oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ń tà fún ehoro, á mú ẹyọ kan, á tún jù ú sílẹ̀. Irun abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ tutù rinrin. Mo wá ṣí ètè ẹ̀ wò, eyín ìsàlẹ̀ méjèèjì ti yọ wá síwájú, ó kù díẹ̀ kí wọ́n kan imú ẹ̀. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ má fi nẹ́lìkọ́tà gé e o mọ̀mí. Èmi gé ti Dúdú tèmi, mo gbọ́ "kẹ́", eyín yẹn là gbọọrọ dé gbòǹgbò ẹ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan àgbọ̀n ẹ̀ ti wú, ó ti gbọyún. Ó kú. Títí dòní tí mo bá gbọ́ irú ìró yẹn àyà mi á já.

Àbẹ̀kẹ́
Háà ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ta tèmi gan-an ló ní kí n máa gé e, mo ti gé e lẹ́ẹ̀mejì 😢

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ dákun ẹ má gé ẹ̀kẹta.

Bàbá Barakat
Ehoro tí à ń fi se ọbẹ̀ lẹ ń torí ẹ̀ sunkún. Halal ni o.

Ìyá Zainab, Tankẹ
Halal ni lóòótọ́ Bàbá Barakat, ṣùgbọ́n Funfun kọ́. Ọmọ ọdún 6 ń bá mi ka ibí yìí.

Bàbá Barakat
Ẹ má bínú. Ẹ bá mi kí i.

Ẹ̀gbọ́n Ọmù-Àrán
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀. Láti àná kẹ̀? Ìyá Zainab ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lónìí yìí, ẹ má dúró dọ̀la, ehoro tó bá lo bíi wákàtí 12 láìjẹun, ikùn ẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wo ìgbẹ́ ẹ̀, tó bá ti kéré tàbí tí kò yà á mọ́, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Eyín 28 ló wà lẹ́nu ehoro, gbogbo ẹ̀ ló ń dàgbà títí tó fi máa kú, ti iwájú máa ń gùn tó mílímítà 2 sí 3 lọ́sẹ̀ kan. Koríko ló ń rin ín wálẹ̀. Ẹ wo ẹnu ehoro tó bá ń jẹ eruwà, ṣe ló ń lọ ọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ọlọ, àmọ́ tó bá jẹ́ pẹ́lẹ́tì, á kàn fọ́ ọ ni. Tèmi, pẹ́lẹ́tì àti burẹ́dì ni mò ń fún un, eyín inú lọ́hùn-ún wá yọ ṣóńṣó gé e láhọ́n, omi sì ń jáde lójú ẹ̀, mo rò pé Àpólò ni.

Àbẹ̀kẹ́
Burẹ́dì gbígbẹ ńkọ́? Wọ́n ní líle ẹ̀ ń jẹ eyín.

Ẹ̀gbọ́n Ọmù-Àrán
Irọ́ ni. Kárọ́ọ̀tì náà, ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Saheed Gánmọ̀
Lẹ́ẹ̀rùn, níbo lẹ ti ń rí eruwà? Hàráwá tí wọ́n ń tà fún àgbò l'Ípata ni mò ń rà.

Ọmọ Ọ̀fà
Hàráwá nìkan kọ́ o, ewé ẹ̀pà yẹn máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ wọn funfun kó sì ki bí ẹfun.

Saheed Gánmọ̀
Ọdún méjì rèé, tèmi ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n Ọmù-Àrán
Ẹ pa á pọ̀ mọ́ eruwà, ẹ máa sá a pamọ́ lóṣù kẹsàn-án nígbà tó ṣì pọ̀, sábẹ́ òjìji. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

Ìyá Zainab, Tankẹ
A ti dé. Dókítà ò gé e, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kùn yùn-ùn ló fi rin ín, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní párì ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló yọ síwájú látìgbà tí wọ́n ti bí i, ká máa gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ká má sì jẹ́ kó bímọ. Ó ti fa ẹyọ eruwà kan wọlé báyìí, díẹ̀díẹ̀, Zainab ló dì í mú lápá kejì. Ẹni tó tà á fún wa ṣì ń jẹ́ kí ìyá Funfun máa bímọ, mo ti pè é, kò gbé e. Màá lọ bá a lọ́la.