Práktíkà pendulum lọ́dún kìíní: ibi tí máàkì ti ń bọ́ sọnù

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ka físíìsì ní yunifásítì, ẹ má fojú kéré láàbù. Pendulum rọrùn lójú: òwú, irin róbótó, aago. Kíkà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá tẹ aago tó sì pe “ení” lẹ́ẹ̀kan náà ti ṣìṣe. “Òdo” ni kó pè. Ìgbà tí irin bá lọ tó bọ̀, tó tún gba ojú àmì kọjá sí apá kan náà, ìgbà yẹn ni “ení”. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ení, ogún tí a pè, mọ́kàndínlógún ni. T (àkókò tí irin fi ń lọ tó sì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan) á wá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí bó ṣe yẹ, g (ìwọ̀n òòfà ilẹ̀ ayé tí a ń wá, ní m/s²) á sì fò láti 9.78 dé nǹkan bíi 10.8.

Kí ló dé tí a kì í ka ẹyọ kan ṣoṣo? Bí òwú bá gùn tó mítà kan, fífì kan máa ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí ọwọ́ bá fi 0.2 pẹ́ lórí aago, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ogún fífì ń gba bíi 40, 0.2 nínú 40 kò lè ba nǹkan jẹ́. Ìsàlẹ̀ gan-an, níbi tí irin ti ń sáré jù, ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ní ìpẹ̀kun, ó ń rọra kí ó tó yí padà, ojú kò sì lè mọ ìgbà tó dé ibẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti gígùn òwú, L, kún un. Láti ibi tí clamp (irin tó ń di nǹkan mú) ti di òwú mú títí dé àárín irin róbótó ni L, kì í ṣe dé ibi tí a ti so kókó. Ẹ jẹ́ kí pákó kékeré méjì fún òwú náà láàárín. Bí ẹ bá kàn wé e mọ́ ọ̀pá, ńṣe ni gígùn á máa yí padà bó ṣe ń fì. Ẹ mú L láti 50 dé 100 cm, kí ẹ máa fi 10 kún un, kí ẹ sì ya gíráàfù T² sí L. Slope (bí ìlà gíráàfù ṣe dagun tó) jẹ́ 4π²/g, ó sì yẹ kó sún mọ́ 4.0 bí L bá wà ní mítà. Ẹni tó bá gbàgbé L sí cm á rí 0.04, á sì rò pé iṣẹ́ òun ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́: g tó máa jáde ni 978 cm/s², ìyẹn 9.78 m/s².

Gíráàfù yìí ní àǹfààní ńlá kan. Bí ẹ bá gbàgbé ìdajì ìbú irin nínú gbogbo L, ìlà kò ní gba ojú òdo, ṣùgbọ́n slope kò yí padà. Ẹni tó fi L kan àti T kan ṣírò kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Orí ìlà tí ẹ fà ni kí ẹ ti mú ojú méjì tó jìnnà síra, ẹ má mú un nínú tábìlì.

Ohun kan ṣẹ́kù: igun. Bí ẹ kò bá fa irin ju ìwọ̀n igun 10° lọ, àṣìṣe inú T kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rárá. Bí ẹ bá fà á dé 30°, T á fi bíi 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún gùn, g á sì já wálẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Bí irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí róbótó, ẹ dá a dúró, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti èsì yín dé 9.81. London ni iye yẹn bá mu. Níhìn-ín tí a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, 9.78 ni. Bí ẹ bá rí 9.6, ẹ kọ 9.6, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á sábẹ́ rẹ̀.