Báwo ni prógíráàmù C ṣe lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kedere?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Prógíráàmù àkọsílẹ̀ ọjà ni mo ń fi èdè C kọ fún àwọn tó ń ta aṣọ òkè ní Ìlọrin. Tí open(), tó ń ṣí fáìlì, bá kùnà, -1 ló ń dá padà, perror() á wá kọ “No such file or directory” síta. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fáìlì wo? Ìyá tó ń tajà ò lè mọ̀, èmi tí wọ́n ń pè lórí fóònù ní Ọ̀fà ò lè mọ̀.

Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ tọ́jú errno (nọ́ńbà tó ń sọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀) síbòmíràn kí n tó pe printf() tó ń kọ ọ̀rọ̀ síta, torí printf() fúnra rẹ̀ lè yí i padà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ orúkọ fáìlì pẹ̀lú ohun tí strerror(), tó ń sọ nọ́ńbà àṣìṣe di ọ̀rọ̀, bá sọ. Ó sàn díẹ̀.

Ṣé kí n kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ENOENT (kò sí fáìlì náà), EACCES (kò sí àṣẹ) àti ENOSPC (àyè ti tán lórí díìsìkì) nìkan, kí strerror() máa bójú tó ìyókù? Àbí kí Gẹ̀ẹ́sì lọ sínú fáìlì àkọsílẹ̀ àṣìṣe tèmi, kí oníṣòwò máa rí Yorùbá nìkan? (Èyí ló wù mí jù.)

Strerror_r() ńkọ́, ẹ̀dà strerror() tí a fúnra wa ń fún ní àyè tó máa kọ ọ̀rọ̀ sí? Ti GNU (àkójọ iṣẹ́ C tó wọ́pọ̀ lórí Linux) ń dá ọ̀rọ̀ padà, ti POSIX (ìlànà àjùmọ̀lò fún àwọn ètò bíi Unix) ń dá nọ́ńbà padà, wàhálà gidi! Èwo lẹ̀ ń lò?