«Ìwọ̀n funfun» kọ́, ìdáfunfunmọ̀ ni kí a pè é

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀gá wa kan dá a lábàá pé kí a pe white balance, ètò kámẹ́rà tó ń mú àwọ̀ bá ìmọ́lẹ̀ ibi tí a wà mu, ní «ìwọ̀n funfun», kí a pe shutter speed, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì pa, ní «ìyára ìṣẹ́jú», kí àwọn tó fẹ́ kí fídíò wọn jáde bí ojú ṣe rí nǹkan lè fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi, àmọ́ n kò lè fara mọ́ méjèèjì, pàápàá ti àkọ́kọ́.

Ẹ sọ fún ọmọṣẹ́ pé kó fi kún «ìwọ̀n funfun». Yóò rò pé ara ẹni tí òun ń yà ni yóò funfun sí i. Iṣẹ́ ètò yẹn kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún kámẹ́rà pé, nínú ìmọ́lẹ̀ tí a wà yìí, èyí ni funfun. Ojú ọmọ ènìyàn ń ṣe é fúnra rẹ̀: bébà funfun lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n, funfun náà là ń pè é. Kámẹ́rà ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá sí Ìtòkú, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Ẹ sún mọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan títí aṣọ yóò fi gba gbogbo ojú àwòrán, kí ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà yan àwọ̀ fúnra rẹ̀. Yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló ní búlúù nínú, yóò da yẹ́lò sí i láti fi pa á. Aró tó dúdú minimini yóò wá ṣá bí eérú. Ìyá aláró tó bá rí i yóò ní iṣẹ́ òun kọ́. Kí ẹ na bébà funfun síbi tí oòrùn ti ń tàn sí aṣọ náà, kí ẹ fi han kámẹ́rà, kí ẹ wá tì í pa síbẹ̀. Ẹ má fi funfun ara àdìrẹ ṣe é o! Ibi tí ẹ̀kọ bò sábà máa ń mu aró díẹ̀, kì í funfun dénú.

Nígbà tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ tán, kámẹ́rà ti dá funfun mọ̀. Bí «dá ẹni mọ̀» ṣe bí ìdánimọ̀ ni «dá funfun mọ̀» ṣe bí ìdáfunfunmọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ pàápàá á wá yéni. Kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ni wọ́n fi ń kà á: nǹkan bíi 3200 fún gílóòbù tó pọ́n, 5600 fún oòrùn ọ̀sán. Ẹni tó gbọ́ «ìwọ̀n funfun 5600» yóò ní ó funfun ju 3200 lọ. Ṣùgbọ́n «ìdáfunfunmọ̀ 5600» ń sọ pé ohun tó bá funfun lábẹ́ oòrùn ni kí o pè ní funfun. Gbé 5600 yẹn wọ gbọ̀ngàn ayẹyẹ tí gílóòbù bẹ́ẹ̀ ń tàn, gbogbo àlejò ni yóò pọ́n. Fi 3200 jáde sínú oòrùn, ara adúmáadán yóò máa ṣe búlúù.

«Ìmúkedere» tí ọ̀gá wa fún sharpening, ètò tó ń mú kí etí nǹkan hàn kedere nínú àwòrán, dára. Kí kámẹ́ràmáànù ṣáà dín in kù, torí àpọ̀jù rẹ̀ ló ń fa ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí nǹkan ká.

Ó ku «ìyára ìṣẹ́jú». Òótọ́ ni pé ṣíṣẹ́ ojú ló bí ìṣẹ́jú, àbá náà sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń fi ṣọ́tà, ojú tó ń ṣí tó sì ń pa nínú kámẹ́rà, sí 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ìrìn èèyàn lè máa lọ geere, kí iná mànàmáná wa tó jẹ́ 50 Hz má sì máa ṣẹ́jú nínú fídíò. Bí ẹ bá pe èyí ní «ìṣẹ́jú 1/50», ìdá àádọ́ta ìṣẹ́jú ni òǹkàwé yóò mú, ìyẹn sì ju odidi ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ! «Ìṣíjú» ni mo fi rọ́pò rẹ̀: ojú ṣì wà nínú rẹ̀, bí ó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí ló sì ń sọ. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó kọ́kọ́ fi 1/50 dán an wò lẹ́nu kó tó gbé e wá.