"Misunderestimated": àṣìfojúkéré ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù kọkànlá ọdún 2000, nígbà tí ìbò ku ọ̀la, George W. Bush, tó ń díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, sọ fáwọn èèyàn nílùú Bentonville, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, pé àwọn alátakò òun "misunderestimated" òun. "Underestimated", ìyẹn fífojú kéré èèyàn, ni Gẹ̀ẹ́sì mọ̀; "mis", tó túmọ̀ sí ṣíṣe nǹkan ní àṣìṣe, ló fi kún un. Kí la ó pè é ní Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "àfojúdi". Ẹlòmíràn ní "ìfojúkéré" ti tó. Ẹnì kẹta mú "àṣìfojúkéré" wá, wọ́n sì dìde sí i.

Ẹ̀yìn ẹnì kẹta yìí ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, àfojúdi ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ tó ń gbó àgbà lẹ́nu là ń bá wí fún àfojúdi. Bí a bá ní àwọn alátakò ṣe àfojúdi sí Bush, Yorùbá á gbà pé wọ́n rí i fín ni. Ohun tí Bush ń sọ ni pé wọ́n wo òun, wọ́n sì gbà pé òun ò lè dé ibì kankan.

Ìfojúkéré sún mọ́ ọn dáadáa, àmọ́ "mis" tí ọkùnrin náà lẹ̀ mọ́ ọn dà? Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rín wà. Wọ́n ní ẹni tó fojú kéré èèyàn ti ṣì í mọ̀ ná, pé àsọtúnsọ ni "àṣì". Òótọ́ ni. Àsọtúnsọ ọ̀hún náà ni Bush sọ! Bí a bá bá a tún un ṣe, tiwa la sọ. Èdè wa sì gbà á: àṣìṣe, àṣìsọ, àṣìgbọ́, àṣìlò.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra ni ọ̀rọ̀-ìṣe. "Wọ́n ṣì fojú kéré mi" á jọ pé wọn ò tíì jáwọ́. Nítorí náà, ká gbé ọ̀rọ̀-orúkọ síwájú, bí a ṣe ń sọ pé "àṣìsọ ni mo sọ": "Àṣìfojúkéré ni wọ́n fojú kéré mi." Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!

Ìgbésí ayé Bush pàápàá ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1994, Ann Richards ló wà lórí àga gómìnà Texas, obìnrin tó ti fi bàbá Bush ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún 1988 pé ẹsẹ̀ fàdákà ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, ìyẹn ni pé ọmọ olówó tó máa ń ṣì sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ ló wá gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ààrẹ tán, ó lọ sí Yunifásítì Yale lóṣù karùn-ún ọdún 2001, ó sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba máàkì C pé àwọn náà lè di ààrẹ Amẹ́ríkà.

Ti oṣù kìíní ọdún 2002 ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Alágbára ayé jókòó sí White House, ó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n, òun àti ajá rẹ̀ méjì. Pretzel, ìpápánu lásánlàsàn, há a lọ́fun. Ó dákú, ó ṣubú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbá ilẹ̀. Nígbà tó máa lajú, àwọn ajá náà ń wò ó.

Ní Baghdad, lóṣù kejìlá ọdún 2008, akọ̀ròyìn kan ju bàtà sí i. Ó yẹ̀ ẹ́. Èkejì tún ń bọ̀, ó yẹ ìyẹn náà, ó wá ní sáìsì 10 ni bàtà náà.

Ẹ̀rí tó sì lágbára jù nìyí: lọ́jọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009, níbi ìpàdé oníròyìn tó ṣe gbẹ̀yìn, ó sọ fún wọn pé ìgbà mìíràn wà tí wọ́n "misunderestimated" òun. Ó ti mọ̀ pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà rín òun, ó sì tún un sọ. Ẹni tó bá yọ "àṣì" kúrò ti yọ Bush fúnra rẹ̀ kúrò.

Ó ku "the decider" tó pe ara rẹ̀ lọ́dún 2006. "Apinnu" ni mo dábàá, nítorí "olùpinnu" ti ṣe bọ̀rọ̀kìnní jù fún un. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín.