Kápúsù mẹ́ta, orúkọ kan: èwo ni kí n rà fún máìkì mi?

Olóhùn_Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣómólú ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn àwọn onítẹ̀wé. Wáàsí àwọn ààfáà àti ìpolówó ọjà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Máìkì tí mò ń lò, ti Ṣáínà ni, oníwúrà lójú, fántọ̀mù 48V, iná tó ń gba inú wáyà máìkì wá, ló ń jẹ. Nǹkan méjì ló ń ṣe é. Bí èèyàn bá ní "ṣèṣè ni Ṣadé sè é" síwájú rẹ̀, gbogbo s àti ṣ inú ọ̀rọ̀ náà á máa gún ni létí. Èkejì, tí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Mo wá lọ sí Alábà láti ra kápúsù, ojú róbótó tó ń gba ohùn nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á kó mẹ́ta síwájú mi, ó ní "U87 orijíná", ti máìkì Jámánì olókìkí yẹn, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò sì jọra! Ọ̀kan ní síkúrù láàárín gbùngbùn, ibẹ̀ ni wáyà ti wọlé. Èkejì ò ní nǹkan kan láàárín, etí òrùka ni wáyà tirẹ̀ wà. Ẹ̀kẹta ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. N ò ra ìkankan. Báwo ni mo ṣe lè dá wọn mọ̀, èwo ló sì yẹ máìkì mi?

Bàbá_Oníwáyà

Àbúrò, o ṣeun tí o ò rà á. Má tẹ̀lé orúkọ tí wọ́n bá pè fún ọ, ojú ni kí o fi wò ó.

Ká mú kékeré yẹn kúrò nílẹ̀ ná. Electret ni. Iná ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, FET, ẹ̀yà kékeré tó ń fún ohùn lágbára, sì wà nínú ikùn rẹ̀, fóòltì díẹ̀ ló ń fẹ́. Gerhard Sessler àti James West ló ṣe irú rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, òun náà ló wà nínú àwọn rédíò onikásẹ́ẹ̀tì wa àtijọ́. Tí o bá yí i padà, wàá rí ojúko sódà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Kò burú o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí U87 láé.

Ó wá ku àwọn ńlá méjì. Èyí tí wáyà rẹ̀ wà létí, ìran CK12 nìyẹn, ti ilé iṣẹ́ AKG ní Vienna, tí wọ́n fi ṣe máìkì C12 ní 1953. Èyí tó ní síkúrù láàárín, ìran ilé iṣẹ́ Neumann ti Jámánì ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí ẹbí méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. K47 wà níbẹ̀, tó bá máìkì U47 tan, èyí tó jáde ní 1949. K67 náà wà níbẹ̀, ti U67 ọdún 1960, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ K87 tó wà nínú U87 láti 1967. Bí o bá wo ojú wọn nìkan, o lè má rí ìyàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o wò. K67 ní pẹpẹ idẹ méjì tí wọ́n gbé ẹ̀yìn kọ ara wọn, nítorí náà wàá rí ìlà tó pín in sí méjì yípo. Pẹpẹ kan ṣoṣo ni awọ méjèèjì K47 jọ ń lò. Lẹ́yìn náà ka wáyà: K67 ń mú mẹ́ta jáde, K87 ń mú mẹ́rin, nítorí wọn ò jẹ́ kí pẹpẹ tirẹ̀ méjèèjì fara kanra.

Mo pè é ní awọ, awọ náà ni. Bí awọ gángan ni wọ́n ṣe fà á le sórí òrùka, àfi pé ike tí wọ́n ta wúrà sí ni, kò sì nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́fà lọ. Ìka rẹ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Wàyí o, s tó ń gún ọ létí. Ohùn òkè K67 máa ń ga sókè ní agbègbè 10 kHz. Àwọn Neumann mọ̀, wọ́n sì to iná inú máìkì wọn kí ó lè tẹ̀ ẹ́ padà sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe máìkì olówó pọ́ọ́kú ṣe àwòkọ kápúsù náà, wọn ò ṣe àwòkọ ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Tí o bá tún lọ ra "U87" mìíràn sínú irú máìkì bẹ́ẹ̀, owó lo fi ra àìsàn kan náà. Tú tìẹ wò ná, kí o sọ ohun tí o rí fún wa.

Nǹkan kan kí o tó tú u: má gbé mítà lé ojú kápúsù pé o fẹ́ mọ fóòltì tó ń lọ síbẹ̀. Rèsísítọ̀ ọ̀nà ibẹ̀, ohun tó ń dí iná lọ́nà, lè tó 1 GΩ, mítà tìrẹ kò ju 10 MΩ lọ, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. 48V á di nǹkan bí ìdajì fóòltì kan lójú rẹ̀, wàá sì rò pé máìkì ti kú. Ṣáájú rèsísítọ̀ ńlá yẹn ni kí o ti wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Alábà

Bàbá, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo wa ṣe oníjìbìtì. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí la ṣe ń pè é. Oníbàárà ló máa ń dé, á ní "ẹ fún mi ní ti máìkì dáadáa." Kí la fẹ́ mú? Bí ẹ bá ní "síkúrù àárín, 34 mm, pẹpẹ kan," a ti mọ ibi tí ẹ ń lọ. Kí bọ̀dá náà tún yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àwọn kan wà tí wúrà wà níwájú, tó jẹ́ pé idẹ lásán ló wà lẹ́yìn.

Anti_Ohùn

Èmi ò mọ wáyà, ohùn ni mò ń fi jẹun ní Sùúrùlérè. Bọ̀dá Ṣómólú, ṣé àwọn ààfáà yín kì í gbé ẹnu lé máìkì? Ẹ dá máìkì náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí èémí má lọ tààrà sójú rẹ̀, kí ẹ sì fi àlàfo ìka ọwọ́ téèyàn là sílẹ̀ sí àárín ẹnu àti máìkì. Ìdajì s yẹn á lọ. Itọ́ náà ò sì ní máa ta sí i mọ́.

Olóhùn_Ṣómólú

Ẹ ṣeun gan-an. Anti, òótọ́ ni, wọ́n máa ń fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Mo ti tú u. Síkúrù wà láàárín, ìlà wà yípo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wáyà mẹ́ta ló jáde, 34 mm gééré. Mo rí 46V ṣáájú rèsísítọ̀ ńlá. Nǹkan aláwọ̀ bí oyin tó ti gbẹ sì wà yí FET ká. Bàbá, ṣé K67 nìyẹn? Ṣé kí n wá K47 ni, àbí kàpásítọ̀ tí yóò gé ohùn òkè?

Bàbá_Oníwáyà

K67 ni. Nǹkan gbígbẹ yẹn, ìdọ̀tí sódà ni, òun ni mo fura sí nípa pàrà-pàrà. Tí ọ̀rinrin bá bà lé e, iná tó yẹ kó dúró sójú kápúsù á máa jò gba orí rẹ̀. Yọ kápúsù kúrò, gbé e sínú ike tó ní ìdérí, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọtí ìfọ̀ isopropyl 99% fọ pátákó náà, pàápàá ẹsẹ̀ FET àti ti rèsísítọ̀ ńlá. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ojú kápúsù, má fọ̀ ọ́. Láti ìsinsìnyí, kó máìkì pa mọ́ sínú nǹkan tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà.

Dúró di ìgbà tí òjò bá tún rọ̀ kí o tó ra ohunkóhun. Tí o bá ṣe méjèèjì pọ̀, o ò ní mọ èwo ló wò ó.

Ní ti s, nítorí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni tìrẹ, K47 ni èmi á fi sí i. Ohùn àárín rẹ̀ ń jáde dáadáa, òkè rẹ̀ kò sì ga tó bẹ́ẹ̀, kò nílò kí iná tẹ̀ ẹ́. Kàpásítọ̀ kò wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wàá máa pààrọ̀ rẹ̀, wàá máa gbọ́, wàá tún pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní àsìkò ló ń ṣe é. Pa fántọ̀mù, kí o ṣe sùúrù díẹ̀ kí o tó tú wáyà. Síkúrù ni kí o fi de wáyà àárín, má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná súnmọ́ awọ. Tí o bá dé Alábà, ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ síbí kí o tó san owó.